Yíyan Ẹ̀rọ Ìṣánko fún Ilẹ̀ Tó Ti Di Igbó

Ẹ̀rọ ìṣánko ni páìpù gígùn tí ẹ̀ńjìnnì kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀, tí abẹ irin tàbí okùn ọ̀rá sì ń yí bìrí níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, oko rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo ọjà. Koríko etí ilé kò ju ohun tí okùn ọ̀rá lè gé lọ. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti pa tì fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta lágbègbè Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn, níbi tí èkan, eèsún àti ewé Akíntọ́lá ti lọ́ mọ́ ara wọn, ńṣe ni okùn yóò máa já. Abẹ eléyín mẹ́ta ló yẹ irú ibẹ̀. Bí ìtì Akíntọ́lá bá sì ti gbó, tó le bí igi, abẹ eléyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn ló tọ́ sí i. Igi tó bá ju ọrùn ọwọ́ lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àdá.

Ẹ̀ńjìnnì 25 sí 33 cc tó fún okùn ọ̀rá. Fún abẹ irin nínú igbó líle, 40 cc sókè ló dára. Ṣùgbọ́n agbára ń bá ìwúwo rìn, èjìká ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ kí oòrùn tó kàn àtàrí. Ẹ̀ńjìnnì two-stroke ló wọ́pọ̀, torí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti tún ṣe, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Bí ìwé rẹ̀ bá ní 1:25, mílílítà 40 ọ́ìlì ni ti lítà bẹntiróòlù kan. Bó bá ní 1:50, mílílítà 20. Fífi ojú wọ̀n ọ́n ló ń pa ẹ̀rọ: ọ́ìlì tí kò tó á mú kí písítìn gan mọ́nú.

Bẹ́líìtì ìgbékọ́ ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń mú iṣẹ́ yìí dùn. Bó bá kọ́ èjìká méjèèjì dáadáa, abẹ á dúró díẹ̀ sókè ilẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ ń gbé e. Ìbàdí ni yóò máa yí, apá kàn ń tọ́ ọ ni. Nígbà náà ni ṣíṣánko ń dà bí ijó: láti ọ̀tún sí òsì, ẹsẹ̀ kan síwájú, koríko á sì máa sùn sí apá kan. Ní ti ìdìmú ẹ̀rọ, èyí tó dà bíi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló bá ilẹ̀ títẹ́jú mu. Láàárín ebè àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Èkìtì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn ló sàn jù. Kí olùrà gbé e kọ́ra nínú ìsọ̀ kó tó sanwó, kó sì rí i pé pọ́lọ́ọ̀gì, okùn ìfà àti abẹ rẹ̀ wà lọ́jà tó sún mọ́ oko.

Bí iwájú abẹ lápá ọ̀tún bá kan kùkùté, ẹ̀rọ á ta padà lójijì. Ẹ̀rọ tí kò bá sì ní ìbòrí abẹ kò yẹ ní rírà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Kí wọ́n tó tan án, kí wọ́n yẹ ìdí koríko wò fún òkúta, wáyà àti ọ̀gán. Awò ojú àti bàtà tó nípọn ṣe dandan, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹni tó ń ṣánko tó mítà 15.

Ó dára kí ẹ̀rọ kan náà lè gba abẹ àti okùn. Ìdí ni pé, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ṣíṣán, èkan á tún yọ láti gbòǹgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè padà sí i nígbà tó ṣì rọ̀, okùn ọ̀rá ti tó o.