Ta Ni Ó San Gbèsè Náà? Èrò Wa Lórí Sinimá Mẹ́ta

Ìran wíwò dùn mọ́ ọmọ aráyé, ó sì dùn mọ́ Yorùbá púpọ̀. Kí ojú wa tó là sí sinimá ni àwọn baba wa ti ń pé agbo wo eégún aláré àti àwọn alárìnjó. Ní ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ará Èkó nínú gbọ̀ngàn Glover, láti ìgbà náà ni ìfẹ́ rẹ̀ sì ti wọ̀ wá lára. Àwọn àgbà tí ó wà láàrín wa kò ní gbàgbé fíìmù “Aiyé” tí Hubert Ogunde gbé jáde ní 1979. Lẹ́yìn èyí ni ilé sinimá púpọ̀ di ahoro, tí àwọn mìíràn sì di ilé ìsìn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2004, nígbà tí a ṣí ilé sinimá ìgbàlódé sí Victoria Island ní Èkó, ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú àwọn ìlú ńlá wa.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn nípa ẹ̀rọ ayàwòrán. Olùwòran lásán ni wá, tí ó san owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ó ra gúgúrú, tí ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ í sè ti lè mọ̀ bí iyọ̀ kò bá dé inú rẹ̀. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fíìmù mẹ́ta tí ó jáde láàrín ọdún 2022 sí 2025, nítorí pé bí wọ́n tilẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn bí ilẹ̀ ti yàtọ̀ sí ojú ọ̀run, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nídìí gbogbo wọn: òbí jẹ gbèsè, a sì gbé gbèsè náà ka ọmọ lórí. Èyí ni ó fún wa ní òṣùwọ̀n kan láti fi wọn gbogbo wọn. Ǹjẹ́ fíìmù náà jẹ́ kí a rí ojú ẹni tí ó san gbèsè, tàbí ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá?

Èkíní ni “Ẹlẹ́ṣin Ọba”, tí ó dé ilé sinimá wa ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Bíyìí Bándélé ni ó darí rẹ̀, ó sì ṣe ni láàánú pé ó ti jáde láyé ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn sí gbogbo ènìyàn. Inú ìwé eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ ní 1975 ni a ti mú ìtàn náà. Dúró Ládípọ̀ pàápàá ti fi ìtàn yìí kan náà ṣe eré “Ọba Wàjà” ní 1964. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1940 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọba wàjà, ó sì di dandan kí Ẹlẹ́ṣin bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkàn Ẹlẹ́ṣin fà sí ọmọge kan tí í ṣe àfẹ́sọ́nà ẹlòmíràn, ó sì fi í ṣe ìyàwó. Bí ó ti ń lọ́ra ni àwọn òyìnbó aláṣẹ rí àyè dá a dúró. Olúńdé, àkọ́bí rẹ̀, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wálé láti wá sin baba rẹ̀. Ó bá baba láàyè, ó sì kú dípò rẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọmọ ni ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, kì í ṣe baba.

Ohun tí ó dára nínú fíìmù yìí pọ̀. Inú wa dùn láti gbọ́ ojúlówó Yorùbá, tí òwe ń bọ́ lẹ́nu àwọn òṣèré bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀. Ọdúnladé Adékọ́lá ṣe Ẹlẹ́ṣin bí ẹni tí adùn ayé ti wọ̀ lẹ́wù, Shaffy Bello sì ṣe Ìyálọ́jà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ti Olúńdé, ọwọ́ fíìmù náà há. Orin, ijó àti aṣọ ọjà gba àkókò tiwọn ní kíkún. Ọmọ tí ó kọjá òkun wá san gbèsè baba kò rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. A rí i nígbà tí ó dé, a rí i nígbà tí ó kọ ojú sí baba rẹ̀, kò sì pẹ́ tí a fi rí òkú rẹ̀. Níbo ni ó ti ronú? Ta ni ó bá sọ̀rọ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ bí a ti ń gba ẹ̀mí là, tí ó sì wá fi tirẹ̀ lélẹ̀, ó yẹ kí a bá a jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.

Èkejì ni “A Tribe Called Judah”, tí Fúnkẹ́ Akíndélé àti Adéolúwa Owu jọ darí, tí ó sì jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Láàrín oṣù kan ni owó tí ó pa ti kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Títí di ìgbà náà, kò sí fíìmù Nàìjíríà tí ó ti pa irú owó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ilé sinimá wa rí. Jedidah bí ọmọkùnrin márùn-ún fún ọkùnrin márùn-ún láti inú ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ń ṣiṣẹ́, àwọn kan jẹ́ ìpáǹle, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó fẹ́ràn ìyá wọn. Nígbà tí àrùn kíndìnrín dé sí i, tí owó ìwòsàn kò sì sí, wọ́n gbìmọ̀ láti lọ jalè ní ilé ìtajà ńlá tí ọ̀kan nínú wọn mọ tinú-tòde. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn adigunjalè gidi sì yọ sí wọn.

A kò ní ṣe bí ẹni pé a kò rẹ́rìn-ín. Àríyànjiyàn àwọn ọmọ ìyá márùn-ún yìí dà bí ti ilé tiwa, ìyá náà sì jẹ́ ènìyàn tí a lè bá pàdé ní ọjà lọ́la. Bí a ti fi àìrí owó tọ́jú aláìsàn hàn jẹ́ òtítọ́ tí ó ń dun ọ̀pọ̀ ilé. Síbẹ̀ iyèméjì kan wà lọ́kàn wa. A ti ṣètò ìtàn náà kí olè jíjà náà má ba à ni wá lára: owó ẹlẹ́gbin ni ọlọ́jà náà ń pa mọ́, àwọn olè mìíràn sì burú ju àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ. Nítorí náà olùwòran kò ní ìdí láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ìbá ṣe. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì mọ̀ pé Júdà fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún Bẹ́ńjámínì, ó sì gba ẹrù náà pẹ̀lú ojú tí ó là. Àwọn Júdà ti inú fíìmù yìí gba ẹrù wọn nínú ìkánjú àti ẹ̀rín. Eré náà yára níbi tí ó yẹ kí ó dúró.

Ẹ̀kẹta ni “My Father’s Shadow”, èyí tí a lè pè ní Òjìji Baba Mi. Akínọlá Davies ni ó darí rẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wálé ni ó sì jọ kọ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni a fi í hàn ní Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a yàn sínú ètò pàtàkì àjọ̀dún náà. Ó dé ilé sinimá wa ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Fọlárìn, tí Ṣọpẹ́ Dìrísù ṣe, mú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Rẹ̀mí àti Akin, láti ìletò lọ sí Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1993, láti lọ gba owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ọmọdé méjèèjì tí ó ṣe é, ìfẹ́ àti ìjà àárín wọn kò sì ní àbùlà.

Kò sí ìbọn púpọ̀ níhìn-ín, kò sì sí ijó púpọ̀. Baba ń rìn, àwọn ọmọ ń tẹ̀lé e, wọ́n ń wo bí àwọn ènìyàn ti ń kí i, wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mọ baba tí kì í sábà gbé ilé. Nígbà tí òun àti Rẹ̀mí ń sọ̀rọ̀ ní etí òkun, ọmọ náà bi í ní ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń bi baba wọn nínú ọkàn nìkan. Gbèsè méjì ni ó wà nínú fíìmù yìí: èyí tí agbanisíṣẹ́ jẹ baba, àti èyí tí baba jẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ ni a fi rí méjèèjì. A kì yóò sọ òpin rẹ̀ fún ẹni tí kò tí ì wò ó.

Àbùkù tirẹ̀ náà wà. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọdún 2000 lè wò ó tán kí ó má mọ ìdí tí ọkàn àwọn àgbà inú rẹ̀ fi dàrú, nítorí fíìmù náà kò dúró ṣàlàyé. Kò mọ̀ pé ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993 ni a dìbò, pé M. K. O. Abíọ́lá ni ó ń borí, àti pé ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìjọba ológun fagi lé e.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ìyà tí ó wà nílé ti tó, ẹ̀rín ni a bá lọ sí sinimá.” A kò bá wọn jà. Ẹ̀rín ń tu ọkàn lára, ẹni tí ó sì ti ṣe làálàá láti àárọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì wa ni ìbò wa. Bí a bá ń san án fún eré tí ó yára nìkan, àwọn tí ń ṣe é kì yóò ní ìdí láti mú ẹnikẹ́ni jókòó kí ó ronú lójú wa.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́. Àwọn ọmọ yín ń wo fíìmù, ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀. Dípò kí ẹ kàn kà á léèwọ̀ fún wọn, ẹ yan èyí tí ó yẹ ọjọ́ orí wọn, kí ẹ sì bi wọ́n ní ọjọ́ kejì pé: Ta ni ó jẹ gbèsè nínú rẹ̀? Ta ni ó san án? Ǹjẹ́ ẹ rí ojú rẹ̀ nígbà tí ó ń san án? Bí ó bá jẹ́ “Òjìji Baba Mi” ni wọ́n wò, ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn 1993 fún wọn. Àwọn ọmọ náà yóò ní èsì tiwọn, òmíràn yóò sì ta ko èrò tiwa tí a kọ sókè yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n sì tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí i nínú fíìmù náà.