Ẹni Tó Mọ Ọkọ̀ Ná

Mo gbé òṣùbà fún àwọn tó mọ ọkọ̀ ná l'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, jíìpù tó ń lo epo àti bátìrì, irú Lexus RX 400h tó jáde lọ́dún 2005, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú lásán wò mọ́.

Kí ọ̀jáfáfá tó dá iye kan, yóò ti béèrè owó rẹ̀ n'Íbàdàn, mẹkáníìkì yóò ti yẹ bátìrì ńlá rẹ̀ wò, yóò sì ti rí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Nígbà náà ni yóò tó wí pé: “Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Èló ni jálẹ̀?” Kì í bú ọjà ọlọ́jà, àbùkù tó rí ló fi ń bẹ owó wálẹ̀. Bí wọn ò bá gbà, yóò dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ìmọ̀ àti ìwà ni iṣẹ́ yìí: olùtà jèrè, olùrà kò sì kábàámọ̀.