"Ó Máa Dáa" Nìkan Ò Tó

Láàárín àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun, gbólóhùn kan wà tí a fi ń kí ara wa: "Ó máa dáa." Iná lọ, ó máa dáa. Áàpù dákú lóru, ó máa dáa. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan lára wa ṣe àṣìṣe tó pa iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì rẹ́. Ó ní, "Bí mo ṣe máa ń ba gbogbo nǹkan jẹ́ nìyẹn. Èmi ni mi ò mọṣẹ́." A gbá a léjìká, a ní ó máa dáa. Látọjọ́ náà, kò sọ ohun tó ń dùn ún fún wa mọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ ká lọ ka Learned Optimism, ìwé Martin Seligman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà. Bí èèyàn ṣe ń ṣàlàyé láburú fún ara rẹ̀ ni ìwé náà dá lé. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà ńbẹ̀. Ṣé títí ayé ni? Ṣé gbogbo nǹkan ló kàn? Ṣé èmi ni mo fà á? Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa: "máa ń", "gbogbo nǹkan", "èmi". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé síbẹ̀! Seligman ní ẹni tó bá ti sọ irú àlàyé yìí di bárakú, ìrẹ̀wẹ̀sì tètè ń mú un.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni pé kò ní ká fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èrò náà. Ó ní ká bá a jiyàn, ká bi í pé ẹ̀rí dà. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Tí áàpù bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a kì í ní gbogbo kóòdù ò wúlò, "ìlà wo?" la máa ń bèèrè.

Àmọ́ a bá ìwé náà jà níbì kan. Ẹrù tó gbé lé ẹni tó ń ronú lórí ti pọ̀ jù. Ẹni tí wọn ò sanwó oṣù fún láti oṣù mẹ́ta, tó wá ní "wọn ò ní san án", ṣé ìrònú rẹ̀ ló ṣàìsàn ni? Òótọ́ ló ń sọ jàre. Tí a bá ní kó yí èrò padà, ẹ̀bi agbanisíṣẹ́ la gbé kọ́ ọ lọ́rùn.

Seligman fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìrètí ní ààlà. Ó ní awakọ̀ òfuurufú tó ń rò ó bóyá kí wọ́n tún yọ yìnyín kúrò lára bàálù kó tó gbéra, kò gbọdọ̀ fi ìrètí ṣe é. Àwa náà ní irú ẹ̀ níbi iṣẹ́: ẹni tó máa ń bèèrè pé "ṣé a ti ṣe ẹ̀dà?" A máa ń pè é ní aláròdùn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ ká rí oorun sùn.

Ká ní a bi ọ̀rẹ́ wa pé "ta tún ni ọwọ́ rẹ̀ wà ńbẹ̀?", ìdáhùn ì bá ti jáde. Àwa méjì la yẹ iṣẹ́ náà wò kó tó jáde, a sì ní kò séwu. "Ó máa dáa" wa bo ẹ̀bi tiwa náà mọ́lẹ̀. A ti lọ sọ fún un báyìí. Ó pẹ́, àmọ́ ó gbọ́.