Ta Ló Rán An Lọ Sílẹ̀ Òtútù?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ilé wa ní Agric, ní Ìkòròdú, mo ń ka ìwé kan, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ìyá mi bi mí léèrè ohun tí mo rí. Mo sọ fún un pé ọmọkùnrin ará Tógò kan ni ó dá nìkan rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ tí omi òkun ti ń dì gbagidi; kò bá owó lọ, kò bá ẹ̀kọ́ lọ, ó kàn wù ú láti rí ibẹ̀ ni. Ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Ta ló rán an?"

Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ fi yẹ ìwé náà wò. Orúkọ òǹkọ̀wé rẹ̀ ni Tété-Michel Kpomassie, ẹni tí a bí ní 1941. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, L'Africain du Groenland ni ó pè é, ó sì jáde ní 1981. James Kirkup yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1983, ó pè é ní An African in Greenland.

Orí igi àgbọn ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ń ká àgbọn lọ́wọ́ ni ejò yọ sí i, ó sì já bọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin abọrẹ̀ kan tí ń bọ òjòlá nínú igbó. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n wọ́n ní òun náà gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ awo òjòlá. Kí ọjọ́ náà tó pé ni ó rí ìwé tí Robert Gessain kọ nípa àwọn ará Gírínílándì ní ilé ìtàwé kan ní Lomé. Ilẹ̀ tí kò ní igi ńlá, tí kò sì ní ejò! Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fojú inú wo ohun tí ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ejò ti bá lórí igi. Ó sá nílé. Ó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn náà ní Yúróòpù. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi rin ìrìn náà kí ó tó gúnlẹ̀ sí Gírínílándì ní 1965.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa kò ka ìwé yìí sí rárá. Ó ní eré orí yìnyín jẹ́ eré àwọn Òyìnbó tí wọ́n ti yó, pé ìyà wa ni ó yẹ kí ìwé Áfíríkà máa sọ. N kò gbà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, ọba ni ó rán Àkàrà-Oògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó, nítorí ire ìlú. A fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a rán níṣẹ́ nìkan ni a lè kọ ìtàn ìrìn rẹ̀, a jẹ́ pé a ti fi ayọ̀ ìrìn-àjò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nìyẹn. Bí ọmọdé kò bá sì dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun.

Ohun tí ó mú ìwé yìí dùn ni pé òǹkọ̀wé kò fi ara rẹ̀ ṣe akọni. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo èrò lẹ́nu. Àwọn ọmọdé sá sẹ́yìn ìyá wọn. Ní apá àríwá, ó kọ́ bí a ti ń darí àwọn ajá tí ń fa ọkọ̀ lórí òjò dídì. Ó kọ́ bí a ti ń lu ihò sínú omi dídì kí a tó ju ìwọ̀ sí ẹja nísàlẹ̀. Àwa tí a ń rí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ lórí ọ̀sà mọ̀ pé a kì í kọ́ iṣẹ́ ẹja ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tiwa bá dojú dé, ẹni tí ó mọ odò wẹ̀ lè yè é. Lọ́hùn-ún, bí yìnyín bá là mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, òtútù omi náà kì í fún un ní àyè pẹ́. Nítorí náà, ìgbádùn inú ìwé yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó sanwó kí wọ́n máa gbé òun kiri. Ìgbádùn ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ onílé ni.

Èdè wa pàápàá ní ẹnu méjì lórí ọ̀ràn yìí. Bí òtútù bá mú ènìyàn, agbo ni à ń wá. Ṣùgbọ́n ilé tí ó tutù ni à ń tọrọ lọ́dọ̀ Olódùmarè. Ẹnu méjì yìí ni Kpomassie ń sọ: òtútù ń jẹ ẹ́ ní ìka, ọkàn rẹ̀ sì tutù. Bí ẹnìkan nínú wa bá fẹ́ yí ìwé náà sí Yorùbá, iṣẹ́ ń bẹ níwájú rẹ̀. Yìnyín tí a mọ̀ ni èyí tí ń bá òjò bọ̀. Òjò dídì sì ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì pe èyí tí ó funfun bí òwú. Òkun tí ó dì tí ajá ń sáré lórí rẹ̀ ńkọ́?

Ìwé náà ní àléébù. Ní apá gúúsù, níbi tí ó kọ́kọ́ dé, wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kò rí ajá tí ń fa ọkọ̀. Ọtí àti owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba Dẹ́nímákì ni ó rí, ó sì fẹ́ wá àwọn ará Gírínílándì "tòótọ́" lọ sí àríwá. Bí àlejò bá dé Ìkòròdú, tí ó ní òun kò rí Yorùbá tòótọ́ nítorí pé à ń gun Márúwá, tí a sì ń lo fóònù, ṣé inú wa yóò dùn? Àjòjì lójú, kò fi ríran.

Ṣùgbọ́n ìrìn náà ni ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ní Upernavik, ó bá bàbá arúgbó kan tí ń jẹ́ Robert Mattaaq gbé nínú ilé tí a fi ebè koríko mọ, irú èyí tí àwọn yòókù ti fi sílẹ̀. Ojú ewé ìwé ìròyìn ni bàbá náà lẹ̀ mọ́ ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tí ó rò pé òun ń wá ènìyàn àtijọ́ lọ, òǹkàwé ni ó bá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé yìí ti dára jù lójú mi.

Àjò kì í dùn títí kí onílé má re ilé. Kpomassie padà wá láti ròyìn fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2022, nígbà tí ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, tí ó sì ti pẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó sọ pé òun fẹ́ padà lọ gbé ìyókù ọjọ́ ayé òun ní Gírínílándì. Mo sọ èyí fún ìyá mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Orí rẹ̀ ló rán an."

Ẹ wá ìwé náà kà.