Ojú Tí A Kò Hun Ló Ń Ṣe Ọnà

Bí ẹ bá rí ìborùn onílà tí mo máa ń bọ̀ sọ́rùn nígbà òtútù, ẹ lè rò pé òwú méjì ni mo ń fà pọ̀ bí mo ṣe ń hun ún. Òwú kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́wọ́ mi nígbàkígbà. Dúdú á yípo lẹ́ẹ̀mejì, funfun á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà á yípo lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àwọn ojú tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò láìhun ló ń sọ ìlà lásán di ọnà. Nínú gbogbo iṣẹ́ nítìn tí mo ti ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, kò sí èyí tó wù mí tó o.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a mọ nítìn nílẹ̀ Yorùbá, bí kì í bá ṣe tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé abẹ́rẹ́ lé wa lọ́wọ́, oyún ni. Súẹ́tà ọmọ tuntun, fìlà, ìbọ̀sẹ̀: funfun báláú tàbí yẹ́lò, àwọ̀ kan náà láti etí dé etí. Ní Bradford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo ń gbé báyìí, àgbàlagbà gan-an ló nílò ohun tí a hun. Ìlú olókè ni, atẹ́gùn rẹ̀ kì í sì í tọrọ àyè kó tó wọ ọrùn. Òwú irun àgùntàn ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Ilé iṣẹ́ òwú tí Titus Salt ṣí ní Saltaire nítòsí ibẹ̀ lọ́dún 1853 ṣì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán àti ìwé ló kún inú rẹ̀ lónìí.

Fún ìborùn mi, ẹtù ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹni tó bá ti rí ẹtù gidi, aṣọ òfì àwọn àgbà, mọ̀ pé kì í pariwo: aró tó kì títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní Ìṣẹ́yìn, ahunṣọ ti to ìlà náà sínú òwú tó ta kalẹ̀ kí ọ̀kọ̀ tó wọ inú rẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ìlà ẹtù fi ń gba òòró lọ. Ti nítìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpo kọ̀ọ̀kan ló ń mú ìlà tirẹ̀ wá, ìbú ni ìlà náà sì ń gbà, á yí ọrùn po. Ojú tí a fò nìkan ló lè gòkè. Òun ló ń gé ìlà funfun sí wẹ́wẹ́, òun ló sì ń fún mi ní òòró tí mo fẹ́ràn lára ẹtù.

Ojú 120 ni mo máa ń kó sórí abẹ́rẹ́ olókùn oní-4.5 mílímítà. Òwú tí mò ń lò kò nípọn, kò sì fẹ́lẹ́. Iye ojú yẹn á fún mi ní ìpo tó tó sẹ̀ǹtímítà 55 sí 60, tí orí lè gbà kọjá láìjà. Mo so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin, mo yẹ̀ ẹ́ wò pé ojú kankan kò lọ́ mọ́ okùn, mo fi òrùka kékeré ṣàmì síbi tí ìpo ti bẹ̀rẹ̀, mo wá hun dúdú yípo lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni funfun dé. Mo fo kan, mo hun mẹ́ta. Mo fo kan, mo hun mẹ́ta, títí mo fi padà dé ìdí òrùka. Ìpo kejì kò yàtọ̀: ojú dúdú tí mo fò lẹ́ẹ̀kan ni mo tún fò.

Ibi tó yẹ ká tẹjú mọ́ nìyí. Orí abẹ́rẹ́ ọ̀tún á wọ inú ojú náà láti apá ọ̀tún rẹ̀, kí ó má baà lọ́, òwú funfun á sì rọra gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ojú dúdú kan ṣoṣo yẹn á wá na ara rẹ̀ kọjá lórí ìpo funfun méjì. Ẹ ó rí i tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì yọ síta díẹ̀ ju àwọn tó yí i ká. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra á, ọwọ́ yóò ti dá a mọ̀. Nígbà tí dúdú bá padà, ojú funfun tó wà láàárín mẹ́ta yẹn ló kàn láti fò.

Aṣọ náà máa ń kì, kì í sì í tètè ga, nítorí ojú tí a fò ń fà á sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ń lo abẹ́rẹ́ tó tóbi díẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sára òwú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an lọ̀rẹ́ mi: fọ́nrán méjì ló sùn sẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan tí a fò, ìyẹn ló ń dá atẹ́gùn dúró. Kò gbọdọ̀ le níbẹ̀ o. Bó bá le, gbogbo aṣọ á hunjọ. Etí rẹ̀ máa ń ká díẹ̀, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó ń rọ ọrùn lọ́rùn.

Àwọn ará Shetland ní Fair Isle tiwọn, níbi tí òwú méjì ti ń ṣiṣẹ́ nínú ìpo kan. Iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń hun nǹkan nínú bọ́ọ̀sì, tó tún ń dá ọmọ lóhùn, òwú kan ló bá a mu. Irú wa ni ìwé Barbara Walker ará Amẹ́ríkà wà fún, Mosaic Knitting, tó jáde lọ́dún 1976: ọnà lóríṣiríṣi, òwú kan lẹ́ẹ̀kan.

Gíráàmù 50 àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ mú àwọ̀ méjì tó jìnnà síra, kí ọ̀kan má baà gbé ìkejì mì. Ìhun tí wọ́n fi kọ́ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni iṣẹ́ yìí ń béèrè. Ẹ̀yin tí abẹ́rẹ́ yín ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn yín ti dàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde.