Ọ̀nà àti Ìjùmọ̀jí: Àríwísí lórí Àdàpọ̀ Àwòrán Ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú pépà yìí: 'ìsopọ̀', bí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ṣe ń lò ó nígbà tí wọ́n bá da àwòrán oríṣiríṣi ẹ̀rọ pọ̀ láti fi mọ bí apá kan nínú ọpọlọ ṣe bá òmíràn tan. Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan lámèyítọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn dókítà. Èsì wa ni pé àwòrán kì í ka ara rẹ̀. Ènìyàn ní í kà á, ibi tí kíkà bá sì wà, iṣẹ́ wa dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá wo àdúgbò náà láti òkè yóò rí òpópó Massey àti àwọn òpópó mìíràn, yóò sì rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ọ̀nà ni ó rí. Kò rí ẹni tí ń tọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn jókòó sínú yàrá, ó ń fetí sí ariwo ọjà Ìta Fájì àti ti Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí ọ̀kan bá ru, èkejì a ru. Nígbà tí ọ̀kan bá rọlẹ̀, èkejì a rọlẹ̀. Òun náà yóò ní ọjà méjèèjì so pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òjò kan náà ni ó lé àwọn oníbàárà wọn sá.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni MRI tí ń tọpa ìrìn omi lára àwọn fọ́nrán inú ọpọlọ, ọgbọ́n tí Basser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1994. Ẹlẹ́rìí kejì ni fMRI. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ni èyí ń wò, gẹ́gẹ́ bí Ogawa ti fi hàn ní 1990: kì í gbọ́ ohùn sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé oúnjẹ lọ bá a ni ó ń rí, ìyẹn náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. EEG, tí Hans Berger kọ́kọ́ gbà lórí ènìyàn ní Jámánì ní 1924, yára ju èyí lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ohùn ti ń wá dáadáa. Nítorí àléébù wọ̀nyí ni a ṣe ń dà wọ́n pọ̀, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ní 2016, Glasser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi oríṣiríṣi àwòrán MRI ti ọ̀dọ́ 210 pín awọ òkè ọpọlọ sí ẹkùn 180 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ìjà wa bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pe ìfohùnṣọ̀kan àwọn ẹ̀rọ ní ẹ̀rí. Ní 2017, Maier-Hein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọpọlọ kan tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe, tí a mọ gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀, síwájú ikọ̀ 20. Ọ̀pọ̀ jù lọ rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà èké tí wọ́n rí pọ̀ ju tòótọ́ lọ. Bí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ bá ń la ọ̀nà tí kò sí, tí ẹlẹ́rìí kejì sì ń pe òjò ní àbẹ̀wò, kí ni iye ìfohùnṣọ̀kan wọn? Èyí tí ó tún burú ni pé nígbà mìíràn a máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kejì yan ọ̀nà tí a ó gbà gbọ́ lẹ́nu ti àkọ́kọ́. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe méjì mọ́.

Nítorí náà ni a ṣe dábàá orúkọ méjì: 'ọ̀nà' fún ti fọ́nrán, 'ìjùmọ̀jí' fún ti àwọn apá tí ń jí papọ̀. A kò fara mọ́ 'ìjùmọ̀ṣiṣẹ́', nítorí ó ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ọ: ó ní wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà lásán. Ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé wà ní òpópó Massey yìí kan náà, kò sì sí ilé-ìwòsàn ọmọdé ní ilẹ̀ wa tí kò mọ àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Àrùn náà lè pa ibì kan nínú ọpọlọ ọmọ láìsí àmì kankan níta. MRI ni ó máa ń tú àṣírí rẹ̀. Bí dókítà bá sọ fún ìyá pé 'ìsopọ̀ ti já', okùn tí ó já ni ìyá yóò gbọ́. Bí ó bá jẹ́ fMRI ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ó lè má sí ohun tí ó já. Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń kà, ẹ̀jẹ̀ gan-an sì ni àrùn yìí bà jẹ́: àìtó rẹ̀ nìkan lè yí àwòrán padà.

Ìṣòro náà tún jìn nítorí ibi tí òṣùwọ̀n ti wá. Nǹkan bí 1,200 ọ̀dọ́ tí ara wọn le, ní Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ Human Connectome, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, yà. Ní ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìwádìí tí Ogbole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 péré, ó lé ní ìdajì wọn tí ó wà ní Nàìjíríà. Ó pẹ́ kí àwòrán tiwa tó pọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó wà lọ́wọ́ wa nísinsìnyí, ìwé tí a fi ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ òbí kí a tó ya ọmọ ni ó sì yẹ kí a ti kọ́kọ́ lo orúkọ méjèèjì náà.