Aṣọ àti Àkísà Máratọ́ọ̀nù Boston

Ọjọ́ orí ni àwọn tó ń yin máratọ́ọ̀nù Boston ní Amẹ́ríkà máa ń kọ́kọ́ kà. Ọdún 1897 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin 15 péré ló sá a, John McDermott ló sì gba ipò kìíní. Kò sí máratọ́ọ̀nù ọdọọdún mìíràn tó pẹ́ tó o láyé. Wọ́n á tún ní owó nìkan kọ́ ló ń gbé èèyàn débẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá a ló ti kọ́kọ́ sá òmíràn láàárín àkókò tí wọ́n là kalẹ̀ fún ọjọ́ orí wọn. Èyí wù mí. Iyì tí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kì í ṣe iyì àfowórà.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ jẹ́ ká tú àkísà Boston wò. Ọdún 75 ni wọn kò fi gba obìnrin láàyè. Ní 1966, Bobbi Gibb kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì pé ara obìnrin kò lè gbé e. Ó fara pamọ́ sínú igbó nítòsí ibi ìbẹ̀rẹ̀, ó yọ sáàárín àwọn ọkùnrin, ó sì sá kìlómítà 42 náà parí ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kathrine Switzer forúkọ sílẹ̀ bíi K. V. Switzer, ó gba nọ́ńbà 261. Alákòóso kan sáré lé e lójú ọ̀nà, ó fẹ́ já nọ́ńbà náà kúrò lára rẹ̀. Mo ti rí fọ́tò rẹ̀: ojú ọkùnrin náà le bíi ti ẹni tó ká olè mọ́ oko. Ó di 1972 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ó sì di 1996 kí wọ́n tó ka Gibb mọ́ àwọn tó gba ipò kìíní.

Àwọn kan ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Boston ló ṣe obìnrin lóore. Irọ́ ni! Àwọn tó wọlé láìgbàṣẹ ló ṣe Boston lóore.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí mi. Níbi eré ìdárayá ọdọọdún ilé ìwé wa, àwọn ọmọkùnrin nìkan ló ń sá mítà 1,500. Mo bi tíṣà wa léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní àwa ọmọbìnrin á dákú. Láràárọ̀ ni mò ń ru omi láti ìdí kànga délé, kò sẹ́ni tó bẹ̀rù kí n dákú rí. Bí pápá bá ti ṣófo nírọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń sá 1,500 náà.